Orí Ni Wọ́n Fi Gbà, Ẹsẹ̀ Ni Wọ́n Fi Pín

Nígbà láéláé, Òkété kò ní ihò. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ pa ẹnu dé, kí n lè máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ìdí ọ̀pẹ ni Òkété ń sùn nígbà náà, lórí koríko gbígbẹ, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́kànlá. Kò gbẹ́ ilẹ̀ rí. Kò fi ẹyọ ẹyìn kan pamọ́ rí. Kí ni ì bá tilẹ̀ máa fi pamọ́ fún, nígbà tí àká Erin wà?

Gbogbo ẹranko ló ni àká yìí o. Erin kàn jẹ́ ọba tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, lórí òkè. Ohun tó mú wọn kọ́ ọ ni pé ní ọdún kan, iná ẹ̀ẹ̀rùn jó igbó. Ó jó imọ̀ ọ̀pẹ, ó jó ẹyìn mọ́ ọ̀pẹ lórí, ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo wọn tán. Erin wá pe ìpàdé.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará igbó, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ àká kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹyìn bá pọ̀, kí olúkúlùkù mú tirẹ̀ wá. Nígbà òjò tí ẹyìn bá wọ́n, kí á ṣí àká, kí á pín in."

Ọ̀rọ̀ náà dára. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, ká ní mo wà níbẹ̀, èmi náà ì bá gbà bẹ́ẹ̀.

"Báwo ni a ó ṣe máa gbà á?" Ẹfọ̀n ló béèrè. Ẹfọ̀n ni wọ́n fi ṣe olùpín, nítorí ìwo rẹ̀ mú, kò sì sí ẹni tó fẹ́ bá a jà.

"Orí ni a ó fi gbà á," ni Erin dáhùn. "Orí kan, igbá kan. Ì báà ṣe àgbà, ì báà ṣe ọmọdé, igbá kan ni."

"Báwo ni a ó ṣe máa pín in?"

Erin ro ó díẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ni a ó fi pín in. Kí olórí agbolé kọ̀ọ̀kan wá gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lé ilẹ̀ níwájú àká. Bí ó bá gbé e kúrò, kí Ẹfọ̀n da ẹyìn sí ojú ẹsẹ̀ náà títí yóò fi kún. Ìpín agbolé náà nìyẹn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tóbi, ikùn rẹ̀ náà tóbi. Àbí mo purọ́?"

Kò purọ́. Wọ́n sì dán an wò níbẹ̀. Ẹ rántí pé ẹ̀ẹ̀rùn ni o. Ilẹ̀ ibi tí wọ́n máa kọ́ àká sí gan bí yangí. Erin gbé ẹsẹ̀ lé e, ó gbé e kúrò, eruku lásán ló yí padà. Ẹfọ̀n da ẹyìn sí i, ẹyìn márùn-ún ló dúró, ìyókù yí lọ. Òkété gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà lé e. Ẹyìn méjì ló dúró.

Òkété wo Erin láti òkè dé ilẹ̀, ó wo ikùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Márùn-ún sí méjì, pẹ̀lú gbogbo ikùn yẹn? Kábíyèsí, ẹ ṣàánú ara yín o." Òun ló sì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Àwọn yòókù pa á tẹ̀ lé e.

Erin ní kí wọ́n fi nǹkan kan kún òfin náà. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa kán òun lójú. Wọ́n bá fi kún un pé bí olórí agbolé bá ti gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀, ẹnì kankan kò gbọdọ̀ lé e. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé "Ó tó," kí Ẹfọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Bí òfin ṣe di òfin nìyẹn, wọ́n sì kọ́ àká náà. Ọlọ́gbọ́n ni Òkété, ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀ẹ̀rùn ló jókòó sí tó fi gba òfin tí wọ́n máa lò nígbà òjò. Kò sí ẹni tó béèrè bí ilẹ̀ yóò ṣe rí bí òjò bá rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn náà dára, ọ̀pẹ so. Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ, níbi tí Òkété ń gbé, ni ẹyìn pọ̀ sí jù. Òkété àti ọmọ mọ́kànlá, orí méjìlá nìyẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń kó ẹyìn gun òkè lọ sí àká. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn a wú bí ti ẹni tí eyín ń dùn, wọn a tú u sílẹ̀ níwájú Ẹfọ̀n, wọn a tún padà. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi rìn ín.

Àbíkẹ́yìn wọn ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Kò tíì tóbi ju àtàǹpàkò ọwọ́ lọ nígbà náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò gba ẹyìn, nítorí náà ó ń fi eyín gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan mú, ó ń wọ́ ọ lọ nílẹ̀. Igbá tirẹ̀ náà pé. Ẹfọ̀n wò ó, kò sì dín ẹyọ kan kù fún un.

Agbolé Erin jẹ́ orí mẹ́rin: Erin, ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ méjì. Wọ́n san igbá mẹ́rin. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Erin san tirẹ̀ pé o. Ẹ má lọ sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo pe Erin ní olè.

Òjò dé. Ó rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹyìn tán lórí ọ̀pẹ, wọ́n sì kéde pé àká ti ṣí.

Erin ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú, ọba kúkú ni. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀. Ẹrẹ̀ gbé ẹsẹ̀ náà mì dé orúnkún. Erin fà á yọ, ó ní, "Ó tó." Ihò tó kù níbẹ̀, ewúrẹ́ lè jìn sínú rẹ̀. Ẹfọ̀n dà á, ó dà á. Ọgbọ̀n igbá ló wọ inú rẹ̀ kí ó tó kún.

Ó kan Òkété. Òkété gbé ẹsẹ̀ lé e. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ẹrẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan tẹ òun. Ó ní, "Ó tó." Ẹfọ̀n da ẹyìn mẹ́rin sí i, ó sì kún.

Òkété dúró. Ó wo ẹyìn mẹ́rin náà, ó wo Ẹfọ̀n.

"Bàbá Ẹfọ̀n, igbá méjìlá ni a mú wá."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ yín."

"Ẹnu méjìlá ló wà nílé mi."

"Mo mọ ìyẹn náà."

"Ẹyìn mẹ́rin sì ni ẹ fún mi."

"Òfin ló fún ọ, kì í ṣe èmi," ni Ẹfọ̀n wí. "Jọ̀wọ́ yà kúrò lójú ọ̀nà, Ọ̀yà ń dúró lẹ́yìn rẹ."

Òkété kó ẹyìn mẹ́rin sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì ṣófo. Nígbà tó délé, ó fi eyín gé ẹyìn kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta. Ó fún ọmọ mọ́kànlá ní ìdá kọ̀ọ̀kan. Ìdá tó kù, tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀, Àwẹ̀ró ló fi í fún.

Àwẹ̀ró jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Ìyá mi, ṣé ìyókù wà lọ́nà?"

Òkété ní ó wà lọ́nà. Ohun tí ìyá máa ń sọ nìyẹn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, Àwẹ̀ró kò lè dìde mọ́. Ojú rẹ̀ wọ inú, irun ara rẹ̀ ń re. Ẹ̀rù ba Òkété gan-an. Ó fi í lé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ó gba òkè lọ sọ́dọ̀ Erin.

Ó bá Erin nídìí oúnjẹ. Erin rí i, ó ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, káàbọ̀. Ilé ńkọ́?"

"Kábíyèsí, ilé kò dára. Ọmọ mi ń kú lọ. Nínú igbá méjìlá tí a mú wá, mo bẹ̀ yín, ẹ dá igbá kan péré padà fún mi."

Erin mí kanlẹ̀. "Bí mo bá fún ọ, kí ni n óò sọ fún Ọ̀yà? Kí ni n óò sọ fún Ẹtu? Òfin tí gbogbo wa jọ ṣe ni. Ìwọ gan-an lo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ sí i, mo rí ọ."

"Ẹ̀ẹ̀rùn ni nígbà yẹn, Kábíyèsí."

"Òfin kì í mọ ẹ̀ẹ̀rùn, kì í mọ òjò. Àbí o rò pé lásán ni mò ń jẹ ìpín tèmi? Ta ló la ọ̀nà odò fún un yín? Ta ni ẹkùn ń bẹ̀rù nínú igbó yìí?"

Òótọ́ ni, Erin la ọ̀nà. Ọ̀nà náà ti iwájú ilé Erin lọ sí odò, ó sì ti odò padà sí iwájú ilé Erin. Kò dé Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ Òkété ń kú lọ, ìyẹn kọ́ ni àsìkò tó fẹ́ bá ọba jiyàn ọ̀nà.

Erin kì í ṣe ẹni burúkú. Àánú ṣe é. Ó fi ọwọ́jà rẹ̀ mú ẹyìn kan, ẹyọ kan, nínú ohun tó ń jẹ, ó gbé e sílẹ̀ níwájú Òkété. Ó ní, "Gbà, fún ọmọ náà. Ẹ̀bùn tèmi fúnra mi ni o."

Àṣà wọn ni pé ẹni tí ọba bá ta lọ́rẹ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá sì ń lọ sílé, kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni láìsọ pé, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba." Òkété kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ya ilé Ẹtu, ó ya ilé Ọ̀yà, ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́. Ìgbà tó dé ìdí ọ̀pẹ ló tó yẹ ẹyìn náà wò dáadáa. Ó rí ojú eyín wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Eyín Àwẹ̀ró ni.

Inú bí mi nígbà tí màmá mi kọ́kọ́ sọ ibí yìí fún mi, mi ò sì ní purọ́ fún un yín, inú rẹ̀ ṣì ń bí mi. Ẹni tó gba tiwa lọ́wọ́ wa, tó wá bu díẹ̀ padà fún wa, a tún gbọ́dọ̀ rìn káàkiri ilé nítorí rẹ̀, ká máa wá ẹni tí yóò bá wa dúpẹ́. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Ẹyìn kan yẹn ni Àwẹ̀ró jẹ tí ẹ̀mí fi dúró. Láti ọjọ́ kejì, Òkété bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná wa gbòǹgbò koríko nínú ilẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Gbòǹgbò korò, àmọ́ ó sàn ju ebi lọ. Ibẹ̀ ni Òkété ti ṣàkíyèsí ohun tí kò mọ̀ nípa ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ti kan ilẹ̀, ilẹ̀ ń yà fún un. Bí òjò ṣe ń rọ̀ ló ń wa gbòǹgbò, títí òjò fi dá.

Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, ọ̀pẹ tún so. Ọ̀yà, aládùúgbò rẹ̀, wá bá a. Koríko ni Ọ̀yà ń jẹ ní tirẹ̀, nítorí náà ebi kò fi bẹ́ẹ̀ pa á, ṣùgbọ́n òun náà san igbá mẹ́fà lọ́dún tó kọjá, ó sì gba ẹyìn mẹ́rin.

Ọ̀yà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má mú nǹkan kan lọ lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá gbà á fúnra wọn."

Òkété ní, "Bí n kò bá san án, Ẹfọ̀n á lé wa kúrò nídìí ọ̀pẹ. Mo máa san án, àbúrò mi. Mo máa san án pé pérépéré, kí ẹnikẹ́ni má lè rí ẹ̀sùn sí mi lẹ́sẹ̀."

Ó sì san án, igbá méjìlá.

Nígbà tí òjò rọ̀ tí àká ṣí, Erin tún bọ́ síwájú. Ó ti sanra sí i. Igbá méjìdínlógójì ló wọ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gba tirẹ̀, ó wọlé lọ.

Ó kan Òkété. Kí ó tó kúrò nílé, ó ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé, "Ẹ jókòó sídìí ọ̀pẹ yìí, ẹ má lọ sí ibì kankan." Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ilẹ̀ níwájú àká. Kò gbé e kúrò. Ó ń fi èékánná yí ẹrẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ náà, díẹ̀díẹ̀.

Ẹfọ̀n dúró, dúró. Ó ní, "Ṣé ó ti tó?"

"Kò tíì tó, Bàbá."

Ẹsẹ̀ wọlé dé orúnkún. Èjìká wọlé. Orí tẹ̀ lé èjìká. Nígbà tó yá, ìrù nìkan ló kù lókè tó ń jó.

"Òkété, kí lò ń ṣe nínú ilẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ mi ni mò ń gbé lélẹ̀. Àbí òfin ti gbà kí ẹ máa kán mi lójú?"

Ẹfọ̀n rántí òfin, ó gbé igbá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀yà tó wà lẹ́yìn fi koríko di ẹnu ara rẹ̀ kí ẹ̀rín má baà tú jáde.

Ìrù náà wọlé. Oòrùn dé àárín ọ̀run, kò sí Òkété. Ó ń lọ lábẹ́ ilẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún kan yẹn ló fi ń walẹ̀, àwọn yòókù kàn ń tì í síwájú ni. Ó gba abẹ́ àká, ó gba abẹ́ ọ̀nà tí Erin là, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ. Èékánná rẹ̀ ń kán, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Kò sinmi. Nígbà tó yọ orí síta, àárín àwọn ọmọ rẹ̀ ló yọ sí. Ó yíjú padà sínú ihò, ó kígbe sókè pé, "Ó tó."

Ẹfọ̀n gbọ́ ohùn náà bíi pé ilẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó wo ẹnu ihò, kò ju ẹnu ago lọ. Ó ní, "Ṣé èyí ni ó gba gbogbo ọjọ́?" Ó da ẹyìn igbá kan sí i. Ihò gbé e mì. Ó da ìkejì, ó da ìkẹwàá. Ẹyìn ń yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀, àwọn ọmọ Òkété ń gbà á lápá kejì, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró jẹ ẹyìn mẹ́ta, ó tún mú ìkẹrin.

Nígbà tí igbá pé ogójì, Ẹfọ̀n ránṣẹ́ pe Erin.

Erin dé. Ó fi ojú kan wo inú ihò, kò rí nǹkan kan. Ó ki ọwọ́jà bọ̀ ọ́, erùpẹ̀ ló fà símú. Nígbà tó sín tán, ó ní, "Òkété, jáde wá."

Òkété jáde wá. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ẹrẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀.

"Kí ni èyí?" ni Erin bi í.

"Ẹsẹ̀ kan ni mo gbé lélẹ̀, Kábíyèsí. Kò tíì kún."

"Ihò ni èyí, kì í ṣe ojú ẹsẹ̀."

"Ihò ni tiyín náà. Ẹrẹ̀ ló bá yín gbẹ́ tiyín, èmi fúnra mi ni mo gbẹ́ tèmi."

Erin ro ọ̀rọ̀ náà títí. Ó wá ní, "Ó dáa, a ó tún òfin ṣe. Láti òní lọ, fífẹ̀ ẹsẹ̀ ni a ó máa wò, a kò ní wo jíjìn rẹ̀ mọ́."

Òkété kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, mo bẹ̀ yín, ẹ tún un ṣe dé ìdí. Orí ni ẹ fi gbà á, ẹ jẹ́ kí á fi orí pín in. Bí ẹ bá gbà, n óò dí ihò yìí lónìí, n óò kó ohun tó wà nínú rẹ̀ padà wá, títí kan èyí tó wà lẹ́nu àwọn ọmọ mi."

Gbogbo wọn wo Erin. Ká ní Erin sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ yẹn, àká náà ì bá ṣì wà lórí òkè dòní. Ṣùgbọ́n Erin ro orí mẹ́rin tó wà nílé rẹ̀, ó ro igbá méjìdínlógójì tó gbà láàárọ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Rárá," ni Erin wí.

"Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí," ni Òkété wí. Kò bínú, kò pariwo. Ó padà sínú ihò rẹ̀, ó sì fi erùpẹ̀ dí ẹnu rẹ̀ láti inú.

Ọ̀yà ló kàn. Ọ̀yà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo àká, ó yí padà sínú koríko láìgbé ẹsẹ̀ lé nǹkan kan. Ẹtu tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku Erin àti Ẹfọ̀n nìkan. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni kò mú igbá wá. Ẹfọ̀n kò sì mọ ẹni tí ì bá kọ́kọ́ lọ lé. Ikán jẹ òpó àká, òrùlé rẹ̀ wó.

Láti ọjọ́ náà ni Òkété ti ń gbé inú ihò tó jìn, tí ẹnu rẹ̀ kéré. Bí o bá gbẹ́ ihò náà dé ìsàlẹ̀, ẹyìn ni wàá bá níbẹ̀, ó kó o jọ sílé ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Erin ti ń rìn káàkiri igbó láti àárọ̀ dé alẹ́, tó ń wá ohun tí yóò jẹ. Kò sí àká kankan tó ń dúró dè é mọ́.

Ẹ má rò pé ohun gbogbo dùn fún Òkété o. Bí iná bá tún jó igbó, olúkúlùkù ló ń fi orí ara rẹ̀ jìyà, kò sí ibi tí wọ́n jọ ń sá lọ. Òkété sì darúgbó, bí gbogbo wa ṣe máa darúgbó. Èékánná ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tó kán kò hù dáadáa mọ́, eyín rẹ̀ yọ, kò lè walẹ̀, kò lè gé ẹyìn. Ọdún méjì gbáko ló fi kó ẹyìn gun òkè, kò sí ẹnì kan lórí òkè náà tó béèrè rẹ̀.

Àwẹ̀ró ló wá mú un. Àwẹ̀ró ti di ìyálọ́mọ nígbà náà, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Ó gbé ìyá rẹ̀ wọ inú ihò tirẹ̀. Nígbà tó rí i pé ẹnu rẹ̀ kò lè jẹ ẹyìn mọ́, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì fún un lọ́mú pẹ̀lú wọn. Láti ọjọ́ náà ni òkété tó bá dàgbà ti ń mu ọmú ọmọ rẹ̀, ojú kì í sì í tì í.